Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ́fúwíà ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, lórí akáwùǹtì iṣẹ́ àti akáwùǹtì ara ẹni

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin Àlàájì àti Àlàájà, àti ẹ̀yin àbúrò wa tí Ọlọ́run ti sọ di agbanisíṣẹ́,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dá iléeṣẹ́ sọ́fúwíà sílẹ̀ lágbègbè wa yìí kó sì dúró. Yálà Tanke lẹ wà, tàbí Fate, tàbí GRA, tàbí ẹ wà lọ́hùn-ún ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ̀yin lẹ ń kọ ètò tí ilé ìwé fi ń gba owó, tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ kí wọ́n tó sọ pé Èkó nìkan ni nǹkan wà.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba. Kóòdù iléeṣẹ́ yín, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà tó di sọ́fúwíà, ń gbé nínú akáwùǹtì àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà, èyí tí wọn yóò fi wá oúnjẹ lọ́la, ń gbé nínú íméèlì iléeṣẹ́ yín. Méjèèjì ló léwu. Ẹ̀yin lẹ sì lè tún un ṣe, torí ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa kí wọn pé ó dàbọ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, dé láti Yunifásítì Ìlọrin, láti KWASU ní Málété, tàbí láti Poli Ọ̀fà. Láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ ló gbé dání, ó sì ti ní akáwùǹtì lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà ń kó kóòdù wọn sí, tó ti ń lò láti ìgbà tó wà ní ọdún kejì. Ọ̀gá ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ibi tí kóòdù yóò máa wà, ló bá ṣe bó ṣe mọ̀: ó ṣí repo tuntun, ìyẹn àpò tí kóòdù iṣẹ́ kan ń gbé, sórí akáwùǹtì ara rẹ̀, ó pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ inú rẹ̀, ayé ń lọ. SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ náà, parí, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó padà sí kíláàsì. Iléeṣẹ́ ti ta ètò náà fún oníbàárà, wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tó lè pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan wà nínú yàrá rẹ̀ ní Òkè-Odò, ó ń múra ìdánwò.

Mo mọ iléeṣẹ́ kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ń wá iṣẹ́, ó fẹ́ kí ojú ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní kí àwọn tó fẹ́ gbà á tó wò ó, ló bá pa gbogbo repo àtijọ́ rẹ́. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ní iléeṣẹ́, wọ́n fẹ́ gbé àtúnṣe sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá ibi tí kóòdù wà tì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé GitHub fi àyè 90 ọjọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ni repo lè dá a padà lẹ́yìn tó bá pa á rẹ́. Ibùdó àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti rí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀, ó sì dá a padà fún wọn. Ọmọlúàbí ni. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ká ní ìjà ni wọ́n fi túká?

Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń dùn mí jù, torí ẹni tí kò lágbára ló máa ń jìyà rẹ̀. Ọ̀gá sọ fún ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé kó fi íméèlì iléeṣẹ́ ṣí akáwùǹtì GitHub. Kò tíì ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó ṣe bí wọ́n ṣe wí. Inú akáwùǹtì yẹn ló ti kọ́ṣẹ́. Lálaalẹ́, lórí dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà, ó ń ṣàtúnṣe sí sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, iléeṣẹ́ ti íméèlì náà pa. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tiwọn ni. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ wọlé láti orí ẹ̀rọ tuntun, GitHub fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí íméèlì tí kò lè ṣí mọ́. Gbogbo ohun tó fi alẹ́ rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀, gbogbo ayé ń rí i, òun nìkan ni kò lè fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ lókè òkun, ojú ewé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣí kí wọ́n tó ka ìwé ẹ̀rí èèyàn.

Bí ẹ bá rò pé àwa kékeré nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wo Uber. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú repo ìkọ̀kọ̀ Uber ní GitHub. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tú ọ̀rọ̀ náà wò, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ní 2018 bá tiwa mu gẹ́lẹ́. Akáwùǹtì ti ara wọn làwọn ẹnjiníà Uber fi ń wọ repo iléeṣẹ́, íméèlì ti ara wọn ni wọ́n sábà máa ń fi wọlé. Iléeṣẹ́ kò kà á léèwọ̀ fún wọn láti lo páswọ́ọ̀dù kan náà níbi púpọ̀, kò sì sọ ìdánilójú onípele méjì (ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù) di dandan. Páswọ́ọ̀dù tó ti jò láti ibòmíràn làwọn ọ̀daràn náà ní àwọn fi wọlé. Inú kóòdù ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ìpamọ́ Uber lọ́dọ̀ Amazon, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 57. Uber san 100,000 dọ́là fún wọn, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá 2017.

Ti Toyota tilẹ̀ jọ ti ọmọ IT wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2022 ni wọ́n kéde ní Jàpáànì pé alágbàṣe kan ti gbé apá kan kóòdù T-Connect, ètò wọn tó ń so ọkọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, sórí repo gbangba ní GitHub láti oṣù Kejìlá 2017. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni kóòdù yẹn fi wà níta kí wọ́n tó rí i. Kọ́kọ́rọ́ sáfà wà nínú rẹ̀, íméèlì oníbàárà 296,019 ló sì ṣeé ṣe kó ti jò. Iléeṣẹ́ tó tóbi tó Toyota kò mọ ibi tí kóòdù rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí tiyín wà lónìí?

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá ìtìjú lásán. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti sọ ọ́ pé bí àkọsílẹ̀ èèyàn bá jò lọ́nà tó lè fi ẹ̀tọ́ wọn sínú ewu, láàárín wákàtí 72 ni iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́, ẹ ro ó wò: bí repo yín bá wà lórí akáwùǹtì ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ta ni yóò sọ fún yín pé nǹkan ti jò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni mo fẹ́ dé báyìí. Bí a bá ní ká ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ara ẹni, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀gá lọ́kàn ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ ṣí akáwùǹtì kejì. Àwọn mìíràn á ṣí akáwùǹtì kan ṣoṣo fún iléeṣẹ́, wọ́n á kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sára ògiri, ẹni márùn-ún á máa fi wọlé. Èyí kejì yìí burú jù. Àdéhùn GitHub kò gbà kí èèyàn púpọ̀ jọ máa lo akáwùǹtì kan, àti pé tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ kò ní mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ti àkọ́kọ́ náà kò bá àdéhùn mu, torí akáwùǹtì ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ni GitHub fàyè gba ẹnì kan láti ní. Ohun tí GitHub fúnra rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ èèyàn nímọ̀ràn ni pé kí kálukú ní akáwùǹtì kan tó jẹ́ tirẹ̀, kí iléeṣẹ́ ní organisation tirẹ̀ (ojúkò kan lórí GitHub tó ń kó gbogbo repo iléeṣẹ́ pọ̀), kí wọ́n sì pe òṣìṣẹ́ wọ inú organisation náà.

Bí ilé àti àlejò ló rí. Iléeṣẹ́ ló ni ilé, òun ló ni gbogbo repo tó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọlé pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ó mú orúkọ rẹ̀ lọ, ilé dúró.

Owó kò sì yẹ kó dí wa lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìgbà tí repo ìkọ̀kọ̀ ń jẹ dọ́là, ẹ rántí ohun tó mú ká máa fi nǹkan sórí akáwùǹtì ọmọ. Láti oṣù Kẹrin 2020, GitHub ti sọ repo ìkọ̀kọ̀ di ọ̀fẹ́ fún organisation, iye yòówù kí òṣìṣẹ́ jẹ́. Lórí GitLab.com, ìkànnì mìíràn bíi GitHub, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò lè ju ẹni márùn-ún lọ, Bitbucket náà sì fi ọ̀fẹ́ tirẹ̀ mọ sí ẹni márùn-ún. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó márùn-ún lè mú èyí tó wù ú. Ìdajì wákàtí tó láti ṣí i. Ẹ fi íméèlì tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ṣí i, kì í ṣe ti ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ẹ sì fi ẹni méjì ṣe owner, ìyẹn alákòóso rẹ̀. Bí owner bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, tó rìnrìn àjò lọ sí Mẹ́kà tàbí tí fóònù rẹ̀ sọnù ní Ọjà Ọba, gbogbo iléeṣẹ́ ti há sí i lọ́wọ́.

Àwọn repo tó ti wà lórí akáwùǹtì àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ṣeé gbé wá. Ẹni tó ni repo á lọ sí settings rẹ̀, á yan transfer, á kọ orúkọ organisation. Ìtàn kóòdù, issue (àkọsílẹ̀ ìṣòro àti ìbéèrè), gbogbo rẹ̀ á bá a lọ, GitHub á sì máa darí ẹni tó bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí tuntun. Kí ọmọ náà má ṣe ṣí repo mìíràn tó ní orúkọ kan náà síbi àtijọ́, torí ìyẹn máa já ìdarí náà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má ṣe halẹ̀ mọ́ wọn, wọn kò jí nǹkan kan. Ibi tí ẹ kò sọ fún wọn ni wọn kò mọ̀.

Íméèlì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dojú rú láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Git, ètò orí láptọ́ọ̀pù tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù tí a ń gbé lọ sórí GitHub, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kì í bi èèyàn pé ta ni ọ́. Orúkọ àti íméèlì tí èèyàn bá kọ sínú ètò láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló máa tẹ̀ mọ́ gbogbo commit, ìyẹn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tó bá fi pamọ́, yóò sì wà níbẹ̀ títí, àfi bí wọ́n bá tún gbogbo ìtàn kóòdù náà kọ. Ọmọ tó fi íméèlì iléeṣẹ́ ṣètò láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tó wá lọ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní gbangba, ti fi orúkọ iléeṣẹ́ yín sórí ohun tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tó fi íméèlì ara rẹ̀ ṣe é, tó ń kọ kóòdù oníbàárà yín, ti fi àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Íméèlì yìí kan náà ni GitHub fi ń mọ ẹni tó ṣe commit. Bó bá yọ ọ́ kúrò lára akáwùǹtì rẹ̀, àwọn commit tó fi ṣe kò ní tọ́ka sí i mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Láti Git 2.13 tó jáde ní 2017 ni includeIf, àṣẹ tó ń jẹ́ kí Git yan ètò gẹ́gẹ́ bí fódà bá ṣe rí, ti wà. Kí ọmọ náà ya fódà kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, fódà mìíràn fún ti ara rẹ̀. Nínú .gitconfig, fáìlì ètò Git lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á kọ ọ́ pé ohun tó bá wà lábẹ́ fódà iṣẹ́, kí Git mú orúkọ àti íméèlì iṣẹ́ láti inú fáìlì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní láti rántí mọ́, ibi tó bá dúró sí ni Git yóò fi mọ ẹni tó jẹ́. Fún ti ara rẹ̀, GitHub ní àdírẹ́ẹ̀sì noreply tó ń fún kálukú, tí íméèlì gidi kò fi ní hàn síta. Íméèlì tó ju ọ̀kan lọ lè wà lórí akáwùǹtì kan. Kí ó fi ti ara rẹ̀ ṣí i, kí ó fi ti iléeṣẹ́ kún un, kó sì ṣètò rẹ̀ kí ìfitónilétí organisation máa lọ sí ti iléeṣẹ́. Bí ẹ bá ti íméèlì iléeṣẹ́ pa lọ́jọ́ tó lọ, íméèlì ti ara rẹ̀ ṣì wà, kò sọ nǹkan nù.

Àwọn kan wà tí wọ́n nílò akáwùǹtì méjì lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin jókòó sílé báyìí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkè òkun, tí iléeṣẹ́ náà sì fún wọn ní akáwùǹtì tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Irú akáwùǹtì bẹ́ẹ̀ kì í lè ṣe nǹkan kan ní gbangba, inú iléeṣẹ́ nìkan ló mọ sí, nítorí náà ti ara ẹni gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Fún wọn, kọ́kọ́rọ́ SSH méjì ni (fáìlì tí láptọ́ọ̀pù fi ń wọ GitHub láìlo páswọ́ọ̀dù), torí GitHub kò gbà kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí akáwùǹtì méjì. Kí wọ́n fún kálukú ní orúkọ Host tirẹ̀ nínú .ssh/config, fáìlì ètò àwọn kọ́kọ́rọ́ náà, kí wọ́n sì kọ IdentitiesOnly yes sí i kí ó má baà mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí browser náà ní profile méjì. Ẹni tó ń lo gh, ètò GitHub fún àṣẹ títẹ̀ lórí tẹ́míná, lè wọ akáwùǹtì méjì láti ẹ̀yà 2.40, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023.

Ọjọ́ ìdágbére ló kù. Ẹ yọ òṣìṣẹ́ kúrò nínú organisation lọ́jọ́ tó bá lọ gan-an. Fork, ìyẹn ẹ̀dà repo ìkọ̀kọ̀ yín, tó ṣe sórí akáwùǹtì rẹ̀ yóò parẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbé sórí láptọ́ọ̀pù kò ní parẹ́. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ Paystack, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù sáfà àti ti dátábéèsì, yálà ẹ fọkàn tán an tàbí ẹ kò fọkàn tán an. Ẹ fún un ní ìwé tó sọ iṣẹ́ tó ṣe fún yín, torí iṣẹ́ náà wà nínú repo ìkọ̀kọ̀, kò ní lè fi han ẹnikẹ́ni.

Mo ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń di owó oṣù ìkẹyìn mú títí òṣìṣẹ́ yóò fi fún wọn ní páswọ́ọ̀dù akáwùǹtì ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tó jẹ́ tiyín ni kóòdù, ìyẹn ló ṣeé gbé sínú organisation ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Akáwùǹtì náà, òun àti orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti lẹ́tà tí àwọn ẹlòmíràn kọ sí i, àti iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó mọ̀ yín. Ẹ kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń lọ bẹ àwọn ọmọ SIWES wò níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ẹ bi wọ́n pé, "Orí akáwùǹtì ta ni kóòdù yìí wà?" Ìbéèrè kan yẹn á ti jẹ́ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà ronú.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀wọ́ ọmọ IT mìíràn ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹ ṣí organisation, ẹ wá àwọn repo tó wà káàkiri, ẹ gbé wọn wọlé, ẹ sọ ìdánilójú onípele méjì di dandan, ẹ sì kọ ojú ìwé kan péré tí ẹ ó fi lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun tó jẹ́ tiwa, ohun tó jẹ́ tìẹ, íméèlì tí o máa fi ṣe èwo. Iléeṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò bá wọn ṣe é, kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Mo ṣetán láti wá jókòó tì yín ní ọjọ́ Sátidé, ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀fà, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ yìí,
Òṣìṣẹ́ sọ́fúwíà kan ní Tanke, Ìlọrin.